Ìjì Òòfà Láti Ara Oòrùn: Ààbò Wo Ló Yẹ Ẹ̀rọ Sólà Ilé Yín?

Bí ìròyìn bá ti gbé e pé ìjì kan ti já kúrò lára oòrùn, tó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìmọ̀ràn tó máa ń kọ́kọ́ tàn kálẹ̀ ni pé kí àwọn tó ní sólà nílé lọ ra bébà álúmíníọ̀mù, kí wọ́n fi wé ínfátà wọn. Ìmọ̀ràn kejì ni pé kò sí ohunkóhun tó máa ṣẹlẹ̀, kí kálukú lọ sùn. Ìkejì sún mọ́ òótọ́ ju ìkíní lọ, àmọ́ kò pé. Ìjì yìí lè ba ẹ̀rọ sólà ilé jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọlé kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣọ́. Ojú wọn wà lókè òrùlé, lára pánẹ́ẹ̀lì, nígbà tí ewu gan-an ń gba wáyà iná ìlú bọ̀. Ìyẹn ni màá fi ṣe òṣùwọ̀n bí mo ṣe ń fi àwọn ọ̀nà ààbò wéra.

Ibi tí ìjì yìí ń gbà wọlé

Oòrùn a máa pọ gáàsì gbígbóná jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, agbára òòfà a sì wà nínú gáàsì náà. Bó bá dojú kọ ọ̀dọ̀ wa, ó máa ń gbà á ní ọjọ́ kan sí mẹ́ta kó tó dé. Àwọn kan yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó dé lóṣù kẹsàn-án ọdún 1859, tí Richard Carrington, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí bó ṣe bú jáde lójú oòrùn, kò lò ju nǹkan bíi wákàtí 17 àti ààbọ̀ lọ lọ́nà. Òòfà ilẹ̀ ayé mì tìtì nígbà tó dé. Bí òòfà bá sì ti ń mì báyẹn, á máa ti iná gba inú ohunkóhun tó gùn tí iná lè gbà kọjá: wáyà tó ta láti ìlú kan dé òmíràn, páìpù epo, irin rélùwéè. Ní ọdún 1859 yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ tẹligíráàmù kan tú bátìrì wọn kúrò, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán sì ń lọ síbẹ̀, nítorí pé iná tí ìjì tì sínú wáyà tó láti gbé e.

Gígùn ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Àwọn tó ń ṣe òfin ààbò fún iná ìlú ní Àríwá Amẹ́ríkà máa ń fi fóltì 8 lórí kìlómítà kan ṣe òṣùwọ̀n ìjì ńlá, irú èyí tí wọ́n kà sí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ gbé e lé wáyà tó gùn ní kìlómítà 200, ó di fóltì 1,600. Ẹ wá gbé iye kan náà lé wáyà tó ti orí òrùlé yín dé ìdí ínfátà, ká ní ó jẹ́ mítà 20: kò tó ìdá márùn-ún fóltì kan. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní fóltì kan àti ààbọ̀. Pánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lórí òrùlé yín ń mú bíi fóltì 30 sí 40 wá lójoojúmọ́. Ínfátà yín ò ní mọ̀ pé ohunkóhun kọjá nínú wáyà yẹn.

Àwọn kan á ní pánẹ́ẹ̀lì satẹ́láìtì máa ń bàjẹ́ nígbà ìjì. Òótọ́ ni, agbára wọn máa ń dínkù, nítorí pé àwọn èérún iná láti ara oòrùn ń lù wọ́n ní tààrà. Ti orí òrùlé wa wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo afẹ́fẹ́ ayé, afẹ́fẹ́ náà ló sì ń gba ẹgba yẹn dípò wọn.

Ibi tó ti burú ni iná ìlú. Iná tí ìjì tì sínú wáyà gígùn máa ń rọra lọ sí apá kan ṣoṣo bíi ti DC, irú iná tó ń ti inú bátìrì jáde, tiransifọ́mà ńlá kì í sì í fẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀ rárá. Á gbóná, á máa fa agbára jù, ìrísí iná tó ń jáde lára rẹ̀ á sì wọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 1989, gbogbo iná Québec ní Kánádà ṣubú láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Bíi mílíọ̀nù mẹ́fà èèyàn wà nínú òkùnkùn fún wákàtí mẹ́sàn-án. Lóṣù kẹwàá ọdún 2003, iná lọ ní Malmö ní Sweden, àwọn oníbàárà bíi 50,000 ló sì kàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ìjì tó le jù lọ láti ọdún 2003 dé. Àwọn àgbẹ̀ tó ń fi GPS darí katakata ní Amẹ́ríkà rí i pé katakata wọn ò mọ ibi tí ebè wà mọ́, àmọ́ kò sí iná ìlú ńlá kankan tó ṣubú, nítorí pé àwọn tó ń bójú tó o ti kọ́gbọ́n.

Ohun tó lè dé ọ̀dọ̀ yín nílé, nígbà náà, pín sí mẹ́ta: kí fóltì máa lọ sókè-sódò, kí iná lọ pátápátá, àti kí iná padà dé. Mo máa ń fojú sí ẹ̀kẹta yìí jù. Bí iná bá lọ fún wákàtí mélòó kan, gbogbo fíríìjì, gbogbo pọ́ńpù àti gbogbo ẹ̀rọ amúlétutù àdúgbò ló máa fẹ́ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá dé. Fóltì á já wálẹ̀, á tún fò sókè, ilé iṣẹ́ iná á máa tan án, á máa pa á kí wọ́n tó rí i kó dúró. Àkókò yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń kú, ìjì sì lè ti kọjá lọ tipẹ́.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ohun àkọ́kọ́ tí mo bi ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni pé ṣé ó dí ọ̀nà wáyà iná ìlú. Ìkejì, ṣé ó nílò kẹ́nì kan wà nílé, kó sì wà lójúfò. Èyí ṣe pàtàkì ju báwọn èèyàn ṣe rò ó lọ. NOAA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ àti ìjì oòrùn, lè kéde ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú pé nǹkan kan ń bọ̀, àmọ́ bó ṣe máa le tó kì í hàn kedere àfìgbà tó bá kan satẹ́láìtì tó wà ní bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ kìlómítà sí ayé. Láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí kan ló kù. Bó bá jẹ́ òru, ẹ ti sùn.

Ẹ̀kẹta, ṣé ó wúlò lọ́jọ́ tí kò sí ìjì? Àrá àti fóltì burúkú ń ba ẹ̀rọ jẹ́ fíìfíì ju oòrùn lọ, owó tó bá ṣiṣẹ́ fún méjèèjì ni owó tó lérè. Lẹ́yìn ìyẹn ni iye tó máa náni, tí màá fi wé owó ínfátà fúnra rẹ̀, torí pé owó ọjà yàtọ̀ láti ibì kan síbòmíràn. Èyí tó kẹ́yìn ni pé ṣé ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ kò lè ṣe yín léṣe. Ẹ̀ẹ́ rí i pé ọ̀kan wà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ má ṣe nǹkan kan

Mo fi í sáàárín àwọn tá a fẹ́ yàn, kì í ṣe eré. Ẹni tí sólà rẹ̀ kò so mọ́ iná ìlú níbi kankan, tó jẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, kọ̀ntírólà (tó ń darí iná pánẹ́ẹ̀lì sínú bátìrì), bátìrì àti ínfátà nìkan, kò ní wáyà gígùn tí ìjì lè gbà wá. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ.

Fún ẹni tó so mọ́ iná ìlú, ohun tó fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé ni ààbò tó wà nínú ínfátà látilẹ̀. Ínfátà òde òní tó ń ti iná sínú iná ìlú gbọ́dọ̀ já ara rẹ̀ kúrò bí fóltì tàbí ìyára iná bá ti kúrò níbi tó yẹ, bí iná ìlú bá sì lọ, dandan ni kó pa ara rẹ̀ kó má baà ṣekú pa àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lórí òpó. Ààbò yìí dára. Àmọ́ ohun tó ń fi já ara rẹ̀ wà nínú ínfátà náà gan-an, fóltì burúkú sì ti dé ẹnu rẹ̀ kó tó já. Kò sì dáàbò bo fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n tó wà lára wáyà kan náà.

Kí ẹ fọwọ́ já ilé kúrò lára iná ìlú

Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ọjọ́ ìjì gan-an, ó sì lè má ná yín ní nǹkan kan. Bírékà tó gba iná ìlú wọlé, ẹ pa á. Ìjì ò ní ọ̀nà míì.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ni irú bírékà tó wà níbẹ̀. Àwọn kan ń já wáyà iná nìkan, wáyà kejì tí àwọn oníná ń pè ní niútírà a sì wà níbẹ̀ ní síso, nǹkan ṣì lè gba ibẹ̀ wọlé. Èyí tó ń já méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ló péye. Ẹ lè mọ̀ ọ́n lójú: ó fẹ̀ tó bírékà méjì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà ní síso pọ̀, bẹ́ ẹ bá fa ọ̀kan wálẹ̀, èkejì á tẹ̀ lé e. Bí ti yín ò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí oníná tó mọṣẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ máa lo iná sólà nígbà tí ti ìlú wà ní jíjá, síwíìṣì tó ń yí láti ọ̀dọ̀ kan sí èkejì ni kó bá yín fi sí i, èyí tí kò lè gbà kí iná ínfátà yín gba ẹ̀yìn jáde lọ sójú òpó. Kó yẹ ọ̀rọ̀ niútírà àti áàtì, ìyẹn wáyà tó wọ inú ilẹ̀ lọ, wò lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, torí pé bí wọ́n ṣe so pọ̀ lè yí padà nígbà tí ilé bá dá dúró.

Àbùkù rẹ̀ ni pé èèyàn ló máa ṣe é. Bẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò, kò sẹ́ni tó máa pa bírékà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kẹ́ ẹ mọ ìjì wo ló tó ohun tí à ń dìde fún. NOAA pín ìjì òòfà sí ìpele márùn-ún, G1 dé G5. Nínú ọdún 11 tí oòrùn fi ń yí ìṣesí rẹ̀ po, wọ́n ní G1 máa ń wà ní nǹkan bí ọjọ́ 900, G4 ní bí ọjọ́ 60, G5 ní bí ọjọ́ mẹ́rin péré. Ẹni tó bá ń pa bírékà fún gbogbo G1 á sú ara ilé rẹ̀. Èmi ò ní dìde fún G1 dé G3. Bí wọ́n bá kéde G4, màá gba agbára kún bátìrì, màá sì ṣọ́ ìròyìn. G5 ni màá pa bírékà fún. Mi ò sì ní tàn án padà lójú ẹsẹ̀ tí iná bá dé lẹ́yìn tó ti lọ. Màá kọ́kọ́ wo ilé aládùúgbò, bóyá gílóòbù wọn dúró tàbí ó ń ṣẹ́jú, màá sì fún un ní ìdajì wákàtí tí kò fi lọ mọ́.

Àwọn tó ń gbé nítòsí ṣóńṣó ilẹ̀ ayé, lápá àríwá tàbí gúúsù, ni ìjì yìí máa ń kàn jù. Kì í ṣe pé àwọn tó wà ní ìdábùú ayé bọ́ pátápátá o: odò iná kan ń ṣàn lókè wọn lọ́hùn-ún, ní bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà sókè, lójú ọ̀sán, ìjì a sì máa rú u sókè. Ibi yòówù kẹ́ ẹ wà, ìṣirò wáyà kúkúrú àti wáyà gígùn ò yí padà.

Ẹ̀rọ aṣọ́ fóltì

Ẹ̀rọ kékeré ni, a máa ń kàn án mọ́ inú àpótí bírékà, nọ́ńbà fóltì a sì máa hàn lójú rẹ̀. Ẹ máa sọ fún un pé bí fóltì bá kọjá iye báyìí tàbí tó wálẹ̀ ju iye báyìí lọ, kó já iná. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni ìdúró tó máa ń ṣe kó tó so iná padà. Bẹ́ ẹ bá ní kó dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, iná ìlú lè dé, kó lọ, kó tún dé, ẹ̀rọ yìí á máa ka ìṣẹ́jú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ilé yín ò ní mọ gbogbo wàhálà yẹn. Ó ń ṣe é lóru, ó ń ṣe é nígbà tẹ́ ẹ wà ní ìrìn àjò, ó sì ń ṣe é lọ́jọ́ gbogbo tí kò sí ìjì kankan.

Nínú owó, ìdá kékeré lára owó ínfátà ni. Ẹ rí i pé agbára rẹ̀ tó ẹrù ilé yín, kí iye tẹ́ ẹ fi sí i sì bá ohun tí ìwé ínfátà sọ mu. Bẹ́ ẹ bá fún un le jù, á máa já iná lásán.

Ó ní nǹkan méjì tí kò lè ṣe. Àrá yára jù ú lọ, kó tó ronú pé òun fẹ́ já, àrá ti kọjá. Kò sì í fi bẹ́ẹ̀ mọ iná tí ìrísí rẹ̀ ti wọ́. Nọ́ńbà lè dára lójú rẹ̀ síbẹ̀ kí mọ́tò fíríìjì máa kùn kó sì máa gbóná. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ irú ìkùn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ìjì wà, ẹ padà sí ọ̀nà tó ṣáájú èyí, kẹ́ ẹ fọwọ́ já a.

SPD àti áàtì

SPD, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba fóltì òjijì kó má baà dé ara ẹ̀rọ ilé, ni àwọn oníṣòwò máa ń kọ́kọ́ tà fún ẹni tó bá bẹ̀rù ìjì oòrùn. Mo fara mọ́ kẹ́ ẹ rà á, àmọ́ kì í ṣe nítorí oòrùn. SPD ń gba fóltì tó ga lójijì, tó sì lọ kó tó di ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ó ń darí rẹ̀ sínú ilẹ̀. Iṣẹ́ àrá nìyẹn, àti iṣẹ́ ìgbà tí wọ́n bá ń tan iná, tí wọ́n ń pa á ní ibùdó iná. Fóltì tó ga, tó wá dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, SPD ò lè gbé e. Òun fúnra rẹ̀ ló máa gbóná tó sì máa kú. Ẹni tó ní SPD tí kò ní ẹ̀rọ aṣọ́ fóltì ṣì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ohun tí ìjì òòfà sábà máa ń fà.

Bẹ́ ẹ bá máa fi sí i, meji ni: ọ̀kan lápá AC níbi tí iná ìlú ń gbà wọlé, ọ̀kan lápá DC láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti ínfátà. Ẹ má fi ti AC sápá DC. Iná AC ń kan òdo lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iná tó bá fẹ́ ràn nínú ẹ̀rọ á kú fúnra rẹ̀ níbẹ̀. DC kì í kan òdo, bó bá ràn, á máa jó lọ.

Áàtì ni ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Mo ti rí SPD olówó gọbọi tí wáyà áàtì rẹ̀ ká bí okùn kànga lẹ́yìn àpótí, oníṣẹ́ náà ò fẹ́ gé e. Wáyà yẹn gbọ́dọ̀ kúrú, kó tọ́, kó má ju bí ìdajì mítà lọ láti SPD dé ibi tí áàtì wà. Bí wọ́n bá tún gbẹ́ áàtì tuntun fún sólà, ẹ jẹ́ kí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ti ilé. Áàtì méjì tí kò mọ ara wọn nínú ilé kan ṣoṣo lè ní fóltì tó yàtọ̀ síra lọ́jọ́ tí àrá bá sán, àárín ẹ̀rọ yín ni ìyàtọ̀ náà á sì gbà kọjá.

Fèrèsé kékeré kan wà lójú ọ̀pọ̀ SPD. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ó ṣì wà láàyè. Bó bá ti di pupa, ó ti kú, ilé á sì máa tan iná lọ bíi pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ẹ máa wò ó lẹ́yìn gbogbo òjò alárá.

Bátìrì pẹ̀lú ínfátà tó lè dá dúró

Òun ló wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀, torí pé bátìrì lè ju ínfátà lọ lówó. Ohun tó sì ń ṣe yàtọ̀: ó ń fún yín níná nígbà tí ti ìlú bá lọ. Ẹni tí ínfátà rẹ̀ kàn ń ti iná sínú iná ìlú láìní bátìrì máa ń yà á lẹ́nu lọ́jọ́ tí iná bá lọ: oòrùn ń ràn yòò, pánẹ́ẹ̀lì kún orí òrùlé, ilé ṣókùnkùn.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ti rà á. Wọ́n rò pé bátìrì ti ya ilé wọn sọ́tọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ínfátà, bí iná ìlú bá ti wà, ńṣe ló máa ń gba inú ínfátà kọjá tààrà lọ sínú ilé, bátìrì á kàn máa gba agbára lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lójú ìjì, ilé náà wà lára iná ìlú gẹ́gẹ́ bíi ti ẹni tí kò ní bátìrì. Ẹ lọ sínú ètò ínfátà, ẹ yí i sí bátìrì àti sólà nìkan, tàbí kẹ́ ẹ pa bírékà tó ń gbé iná ìlú bọ́ sí i, èyí tó dá mi lójú jù. Ẹ kọ́ bí ẹ ṣe máa fi bọ́tìnnì ara ínfátà ṣe é. Bẹ́ ẹ bá gbára lé orí fóònù nìkan, íntánẹ́ẹ̀tì lè má sí lọ́jọ́ tí iná bá lọ káàkiri, ẹ ò sì ní lè dé inú ètò náà.

Kí ẹ tú gbogbo rẹ̀, tòun ti pánẹ́ẹ̀lì

Àwọn kan á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ já gbogbo wáyà, kẹ́ ẹ tú pánẹ́ẹ̀lì, kẹ́ ẹ tú bátìrì, títí ìjì á fi lọ. Ọ̀nà tó lè ṣe yín léṣe tí mo ní ẹ̀ẹ́ rí nìyí.

Pánẹ́ẹ̀lì kò ní síwíìṣì. Níwọ̀n ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, iná wà lára rẹ̀, bí wọ́n bá sì so púpọ̀ pọ̀ tẹ̀ léra, ó lè jẹ́ fóltì 300 tàbí 400. Bẹ́ ẹ bá fa ẹnu wáyà pánẹ́ẹ̀lì yọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, iná ò ní já. Ẹnu méjèèjì á ya díẹ̀, iná funfun tó ní àwọ̀ búlúù á nà láàárín wọn, á máa hó, ike á yọ́ sọ́wọ́ yín, bẹ́ ẹ sì ṣe ń fà á sẹ́yìn ni iná náà á máa gùn sí i. Ó ti jó òrùlé rí.

Bó bá pọn dandan, ètò wà fún un: ẹ pa àwọn ẹ̀rọ ilé, ẹ pa bírékà AC, lẹ́yìn náà ẹ yí síwíìṣì DC ti pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì ló kẹ́yìn. Ẹ fún ínfátà ní ìṣẹ́jú tí ìwé rẹ̀ sọ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan inú rẹ̀, torí pé agbára ṣì wà nípamọ́ níbẹ̀. Fún àwọn tó ń lo kọ̀ntírólà, ẹ má ṣe já bátìrì nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì ṣì ń gbé iná bọ̀. Kọ̀ntírólà lè kú níbẹ̀ láìsí ìjì kankan. Bẹ́ ẹ bá ń so ó padà, bátìrì ló ń ṣáájú.

Kí lẹ wá rí gbà nínú gbogbo ìyẹn? Wáyà mítà 20 tí kò tó ìdá márùn-ún fóltì kan. Ẹ sì ti fọwọ́ ara yín pa iná tó lè jẹ́ òun nìkan ló kù ládùúgbò. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó ṣe é nítorí ìjì oòrùn.

Àpótí irin àti ẹ̀yà tó wà nípamọ́

Ìmọ̀ràn àpótí irin àti bébà álúmíníọ̀mù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń múra sílẹ̀ de bọ́ǹbù átọ́míìkì tó bú lókè afẹ́fẹ́. Ìgbì àkọ́kọ́ tí irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ ń fà yára débi pé ó lè pa ẹ̀rọ tí kò so mọ́ wáyà kankan. Oòrùn kì í ṣe irú ìgbì yẹn. Ẹni tó wá ń wé ínfátà ní bébà nígbà tí bírékà iná ìlú wà ní títàn, ó ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, bébà náà sì lè dí ihò tí ínfátà fi ń mí, kó gbóná kú.

Ẹ̀yà nípamọ́ lọ́rọ̀ míì. Bí iná bá lọ fún ìgbà pípẹ́ ní agbègbè tó gbòòrò, ẹ ò ní tètè rí kọ̀ntírólà rà. Kọ̀ntírólà kan, fúùsì tó bá ti yín mu, ẹnu wáyà pánẹ́ẹ̀lì mélòó kan, àti ìwé ínfátà tẹ́ ẹ tẹ̀ jáde. Bó bá wù yín, ẹ tọ́jú wọn sínú agolo bisikíìtì. Kò lè pa wọ́n lára.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tí sólà rẹ̀ dá dúró pátápátá: SPD lápá DC nítorí àrá, áàtì tó dára, ẹ̀yà nípamọ́. Kó má fọwọ́ kan ohunkóhun lọ́jọ́ ìjì, àfi kó fi bátìrì sí kíkún.

Ẹni tó ń ti iná sínú iná ìlú láìní bátìrì ni ẹ̀rọ aṣọ́ fóltì wúlò fún jù. Kó rà á ṣáájú SPD bí owó ò bá tó méjèèjì, àfi bó bá ń gbé níbi tí àrá ti ń sán gan-an, níbẹ̀ kí SPD ṣáájú. Lọ́jọ́ G5, kó pa bírékà ńlá, kó sì mọ̀ pé ilé máa ṣókùnkùn títí tó fi máa tàn án. Kó ní tọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó ní bátìrì àti ínfátà tó lè dá dúró ti ná owó tó pọ̀ jù tán. Ohun tó kù fún un ni bírékà tó ń já wáyà méjèèjì, ẹ̀rọ aṣọ́ fóltì níwájú ínfátà, àti kó fi ọ̀sán ọjọ́ kan dán an wò: kó pa iná ìlú, kó wò ó bóyá ilé dúró lórí bátìrì, kó mọ wákàtí tó lè gbà kó tó tán.

Bí ẹnì kan bá wà nílé tó ń lo ẹ̀rọ tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, tàbí tó ní oògùn tó gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́ ẹni tó máa pa bírékà. Ẹ so ẹ̀rọ yẹn mọ́ bátìrì tirẹ̀ tó máa ń wà ní kíkún, kí ẹ̀rọ aṣọ́ fóltì wà níwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti bá dókítà sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe bí iná bá lọ ju ọjọ́ kan lọ.

Ayálégbé tí kò láṣẹ láti fọwọ́ kan àpótí bírékà lè lo ẹ̀rọ aṣọ́ fóltì tí wọ́n ń kì bọ ṣọ́ọ̀kẹ̀tì, ọ̀kan fún fíríìjì, ọ̀kan fún ibi tó ń gba agbára sí sólà kékeré rẹ̀. Nígbà tí ìjì bá dé, kó fà á yọ nínú ṣọ́ọ̀kẹ̀tì, kó máa fi pánẹ́ẹ̀lì gba agbára.